Ọwọ́ Tíṣà Adelé

Tíṣà Adelé ni gbogbo iléèwé ń pè é, nítorí ibi tí tíṣà kan bá ti gba ìsinmi ni wọ́n ti máa ń ránṣẹ́ sí i kó wá di àyè mú. Ìyá ìyàwó rẹ̀ pàápàá ti ń pè é bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé ó kàn ń bá wọn di ipò mú ni kí ọkọ gidi tó dé. Ó ń dùn ún wọra.

Lọ́tẹ̀ yìí, tíṣà tó ni kíláàsì lọ bímọ nígbà tí eré ìparí ọdún ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀gá àgbà iléèwé, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, ti là á mọ́lẹ̀ fún un: "Tí eré yìí bá lọ láìsí wàhálà, ẹ ti di tíṣà wa nìyẹn. Tí ò bá lọ, ó dàbọ̀ o." Ni Adelé bá pe ìyá ìyàwó rẹ̀ kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ta ló rán an?

Eré náà ò le. Òjò àti Oòrùn ń jà lórí aṣọ tí wọ́n sá, àwọn ọmọ yòókù sì ni aṣọ. Òjò jáde, ó sọ gbólóhùn àkọ́kọ́: "Èmi Òjò rèé, ẹ yà fún mi!" Adelé dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle níbi tí gbogbo ọmọ ti ń rí i. Òógùn bò ó, ló bá nu ojú.

Gbì! Òjò ṣubú, Oòrùn ṣubú lé e, gbogbo aṣọ nà gbalaja, wọ́n ń hanrun.

Adelé fa etí ara rẹ̀ láti kìlọ̀ fún wọn pé òun máa fa tiwọn tí eré bá tán. Ni wọ́n bá fò dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin ìdágbére. Bàbá kan ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ń wo Adelé bí ẹni ń wo aṣọ tí eku jẹ.

Ọmọbìnrin tó ń ṣe Ṣòkòtò ló ṣàánú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọwọ́ yín ni. Ọwọ́ ni tíṣà wa fi ń darí wa. Tí wọ́n bá nu ojú, ká sùn. Tí wọ́n bá fa etí, ká kọrin."

"Yéè! Kí ni wọ́n máa ń ṣe tí ẹ bá ní láti tún un ṣe?"

"Wọ́n á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, sà."

Adelé gbé ọwọ́ sókè, eré tún bẹ̀rẹ̀. Ló bá kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó so wọ́n pọ̀. Òógùn wọ ojú rẹ̀, eṣinṣin bà á nímú, ó kàn ń yínmú sí i ni. Eré parí, àtẹ́wọ́ sì gba gbogbo gbọ̀ngàn.

Ọ̀gá àgbà gun orí pèpéle, ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ kúuṣẹ́. Iṣẹ́ ti di tiyín."

Inú Adelé dùn dé bi pé ó gbàgbé ara rẹ̀, ó ju ọwọ́ méjèèjì sókè. "Mo dúpẹ́ o!"

"Èmi Òjò rèé, ẹ yà fún mi!"

Àwọn òbí tó ti dé ẹnu ọ̀nà kérora, wọ́n padà wá jókòó. Ìyá ìyàwó rẹ̀ dìde fùú.

"Ọkọ ọmọ mi! Sọ ọwọ́ ẹ kalẹ̀ jàre! Ṣé a ò ní lọ sílé ni?"

Ọkọ ọmọ mi. Adelé gbọ́ ọ dáadáa. Omijé ayọ̀ lé ròrò sí i lójú, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó sì nu ojú.

Gbì!