Ọmọrí Ìkòkò Nawara

Olórí kunkun ni Wahdan, ọ̀gá wa nídìí ẹ̀rọ tó ń gé páànù. N kò ní torí pé ó ti kú kí n wá máa parọ́. Lọ́dọ̀ wa ní ìlú Mit Ghamr, bí ẹlẹ́rọ bá fẹ́ fọmọ fọ́kọ, òun fúnra rẹ̀ ló ń gé páànù ìkòkò tí ọmọ náà máa kó lọ sílé ọkọ. Ẹlòmíì lè lù ú, ẹlòmíì lè dán an, gígé ni ti bàbá. Àìsàn ọkàn sì ń bá Wahdan jà. Dókítà ní kó má fa ohunkóhun tó bá le mọ́. Nawara, ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ relé ọkọ, nìkan ló ní láyé, ìyá ọmọ náà ti kú tipẹ́.

Ó ti gé páànù gbogbo ìkòkò ọmọ náà tán, ó ku ọmọrí ìkòkò ńlá. Ló bá gbé páànù kan tó nípọn wá.

Mo ní, "Bàbá Nawara, ṣé kò sí o? Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni àlàfo tó wà láàárín akọ irin tó ń gé e àti abo irin tó wà nísàlẹ̀ yìí gbà. Èyí máa há ni."

"Fikri, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ tí mo kọ́ ọ?"

"Ẹ lo fẹ́lẹ́ bíi ti ìyókù, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí Àlàjá Ratiba fìka tẹ̀ ẹ́, kó tẹ̀ wọnú? Ṣebí o mọ ẹnu ìyá ọkọ ọmọ mi. Wọn ò ní fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n bá yín fa apá ẹ̀rọ."

"Ṣé ìwọ lo bí i ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Lọ mu tíì rẹ, jàre."

N kò lọ. Mo dúró síbẹ̀, mò ń kùn. Ó di apá gígùn ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ àtijọ́ náà mú, ó fà á yí. Akọ irin sọ̀kalẹ̀, ó jẹ páànù lápá kan, ó sì há. Ó tún fà á. Mo pariwo pé kó fi sílẹ̀. Ó tún fà á, lẹ́yìn náà ó rọra jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ ẹ̀rọ.

"Fikri, ṣé ó gé?"

"Ó gé, Bàbá Nawara."

Kò gé. Kí a tó rí ọkọ̀ tó máa gbé e, ó ti dákẹ́. Níbi ìsìnkú, mò ń sunkún, mo sì ń bú u lábẹ́lẹ̀. Ìbínú yẹn ò tíì tán nínú mi.

Nígbà tí a tú irin náà, ìlàjì ọmọrí ti gé, etí rẹ̀ dán. Ìlàjì kejì ṣì so mọ́ páànù. Ẹni tó ni ilé iṣẹ́ ní ká jù ú sí àjákù, ká gé òmíì. Mo ní, "Ta ló máa gé e? Bàbá rẹ̀ dà?" Mo mú àlùmọ́gàjí páànù, mo fọwọ́ gé èyí tó kù. Nawara dúró tì mí, ó ń wò mí. Mo fi ayùn yun etí ibẹ̀ títí kó lè dán, síbẹ̀ ó rí wúruwùru, ó hu eyín.

Lẹ́yìn ọ̀fọ̀, ọjọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù ìyàwó sínú ọkọ̀ pé, gbogbo àdúgbò sì jáde wá wò ó. Àlàjá Ratiba gbé ọmọrí náà, ó fìka tẹ̀ ẹ́. Kò tẹ̀. Ó wá fìka yí etí rẹ̀ ká.

"Yéè! Ta ló gé eléyìí? Ọmọ ẹlẹ́rọ, ọmọrí eléyín!"

Mo ti la ẹnu láti sọ fún un ohun tí kò ní gbàgbé láéláé, àmọ́ Nawara di ọwọ́ obìnrin náà mú. Ó gbé ìka rẹ̀ padà sí ibi tó dán.

"Màmá, bàbá mi ló gé ibí." Ó fa ìka náà lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan ibi tó hu eyín. "Ibí ló kú sí."

Àlàjá Ratiba bú sẹ́kún. Ó fi ìborí rẹ̀ nu ọmọrí náà, kò sì jẹ́ kí wọ́n kó o mọ́ ẹrù. Iwájú ọkọ̀ ló jókòó sí, ó gbé e lé itan ara rẹ̀ délé.