Ìkòkò Irin àti Àwọn Ààrò tí Wọ́n Sún

Ìjọba kan wà lábẹ́ òrùlé koríko, níbi tí èéfín ti ń jí kí àwọn olóyè tó jí. Odó ni ọba ibẹ̀. Ọlọ ni àgbà ìgbìmọ̀, ọwọ́ ọ̀tún ọba ló ń jókòó sí. Ààrò mẹ́ta, ọmọ ìyá kan náà, ló ń ru iná ìlú. Àjà wà lókè wọn, ó ń gba èéfín wọn sára, ó sì ń fi pa àgbàdo irúgbìn mọ́. Ìṣaasùn kékeré ló ń jókòó lórí ààrò láràárọ̀, tó ń se ọbẹ̀ abiyamọ àti omi ata aláìsàn. Kò sẹ́ni tó ń kọrin kí i. Ẹni tó ń ṣe ohun tó yẹ lójoojúmọ́, ta ló ń rí tiẹ̀ rò?

Òfin kan wà níbẹ̀ tí wọn kì í fi ṣeré. Bí àlejò bá fẹ́ joyè, wọn a bi í pé, "Ta ni o fara tì?" Ẹni tó bá dárúkọ, ìlú gbọ́dọ̀ wá onítọ̀hún fún un. Òfin náà dára, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ máa bá mi bọ̀.

Odó ń fẹ́ ohun tí yóò bọ́ gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbọ́ òkìkí Ìkòkò Irin, ó ránṣẹ́ pè é. Bí ó ti wọlé, àwo àti abọ́ dìde dúró. Èmi náà ì bá dìde. Ikùn rẹ̀ tóbi, etí rẹ̀ méjèèjì nípọn, síbẹ̀ kò gbéra ga rárá.

Ọlọ bi í pé, "Àlejò pàtàkì, ta ni o fara tì?"

"Ẹ̀yin àgbà, ìdí mi gbòòrò, ààrò tó jìnnà síra ni mo ń fẹ́. Inú mi jìn, mo sì ń fẹ́ ọmọrogùn gígùn."

Odó pàṣẹ, wọ́n sún àwọn ààrò. Wọ́n mú Ọmọrogùn gígùn wá. Wọ́n rò pé ó tán. Ó tán kẹ̀! Ọmọrogùn ní bí òun bá nàró, orí òun ń kọ lu Àjà. Wọ́n tú Àjà palẹ̀. Bí Àjà ti kúrò, kòkòrò wọ inú irúgbìn, ni wọ́n bá wá Kèǹgbè tí wọn yóò kó o sí. Kèǹgbè ní òun kì í gbé ilẹ̀, àfi kí wọ́n wá Ìkọ́ tí òun yóò rọ̀ sí. Ìkọ́ dé, ó gbójú sókè, ó ní, "Igi wo ni kí n kọ́? Ṣebí ẹ ti tú Àjà." Ẹ wá wo ìdààmú! Iná ń jó lásán, ọbẹ̀ kò hó, gbogbo olóyè ń sáré kiri.

Ibi tí wọ́n ti ń sáré ni Ìṣaasùn ti dé láti se ọbẹ̀. Ó wo àlàfo tó wà láàárín ààrò, ó rí i pé òun yóò já sínú iná. Ó mú ẹjọ́ lọ bá ìgbìmọ̀.

Ọlọ dìde. "Kábíyèsí, kí ẹ pẹ́ lórí oyè. Ìlú ń lọ síwájú, a kì í dúró de ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ìṣaasùn ti darúgbó. Kí ó máa lọ sí ààtàn."

"Kábíyèsí," Ìṣaasùn ní, "n kò bá ẹnikẹ́ni du oyè. Abiyamọ kan wà ní yàrá tí kò tíì fi ohun gbígbóná kan ẹnu láti àárọ̀. Omi ọmú rẹ̀ ń gbẹ, ọmọ ń ké. Ìkòkò Irin kò lè se ẹ̀kúnwọ́ ẹran kan, gbígbẹ ni yóò gbẹ mọ́ ọn nídìí. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú."

Ó gun àwọn ààrò tí wọ́n sún náà. Ó yẹ̀. Ẹnu rẹ̀ fọ́ níbì kan, ọbẹ̀ sì dà sínú iná. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n dà á nù.

Odó ń wo ilẹ̀. Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe, ṣùgbọ́n ojú ń ti ọba láti kó ọ̀rọ̀ tó ti sọ jẹ. Ìkòkò Irin ló dìde.

"Kábíyèsí, nígbà tí mo dé, ẹ bi mí pé ta ni mo fara tì, mo sì sọ. Kò sẹ́ni tó bi àwọn ààrò pé ta ló fara tì wọ́n. Èmi náà kò bi wọ́n, ẹ̀bi mi nìyẹn. Ẹ dá wọn padà sí ipò wọn. Ẹ tún Àjà kàn. Ẹ gbé èmi síta, kí ẹ wá òkúta mẹ́ta mìíràn fún mi."

Odó ní, "Síta kẹ̀? Òjò ńkọ́? Irin ni ọ́, wàá dógùn-ún!"

"Kábíyèsí, ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná."

Háà! Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ olóyè lóríṣiríṣi, n kò tíì gbọ́ èyí tó wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ tú ilé, òun gan-an ló ní kí wọ́n tún un tò. Mélòó nínú ẹ̀yin tí wọ́n gbé gorí àga ló lè sọ ọ́?

Odó gbórí sókè. Ẹ jẹ́ kí n yin òun náà, torí kò rọrùn fún ọba. Ó ní, "Èmi ni mo pàṣẹ, èmi náà ni mo yí i padà. Láti òní lọ, a kò gbọ́dọ̀ sún ẹnikẹ́ni láìbi í pé ta ló fara tì í." Ọlọ kò jiyàn. Òun fúnra rẹ̀ ló dúró tì wọ́n tí wọ́n fi to àwọn ààrò padà, tí wọ́n sì tún Àjà kàn.

Ìkòkò Irin bọ́ sí àgbàlá. Ọjọ́ ọdún, òun ló ń bọ́ gbogbo ìlú, ìlú sì ń yó. Ṣùgbọ́n òjò kò mọ ẹni rere. Nígbà tó yá, ìpẹtà pupa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí i létí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìgbákọ, ìránṣẹ́ ààfin, jáde wá pẹ̀lú epo díẹ̀ lẹ́nu. "Ìyá wa Ìṣaasùn ló bù ú lórí ọbẹ̀. Ó ní kí n fi kùn yín lára."

Ìkòkò Irin kò jẹ́ kó fi kan òun. "Kí ló kù fún abiyamọ?"

"Ó ti mu tiẹ̀ yó. Ọmọ ti sùn."

Nígbà náà ló tó jókòó jẹ́ẹ́, tí wọ́n fi epo náà kùn ún láti etí dé ìdí.