Gíà Tí Akíndúró Yọ

"Bọ̀ọ̀dá Akíndúró, gíà kẹ̀kẹ́ yìí dà?"

Tíṣà Ṣàmsúdéènì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ náà, ó ń fi ọwọ́ wá ẹ̀yìn táyà bí ẹni tí òrùka rẹ̀ sọnù. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ní Runjin Sambo ni, ọyẹ́ ń fẹ́. Akíndúró ká ọwọ́ mọ́ àyà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń retí kí wọ́n yin òun, àfi ìgbà tó gbọ́ ìbéèrè yìí.

"Ó ti já," ló fi dáhùn.

Ẹnu rẹ̀ ló yá ju orí rẹ̀ lọ. Gíà kankan ò já. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bó ṣe máa ń yọ ti gbogbo kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ta ló ń fi gíà ṣe kí ni ní Sókótó? Ìgboro tẹ́jú, iyanrìn sì pọ̀ níbẹ̀ débi pé ọdún kan ò ní pé tí yóò fi jẹ eyín gíà tán. Gbogbo àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe láti ibẹ̀ títí dé Kalambaina ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á yọ gíà dànù, wọ́n á gé ṣéènì kúrú, oníkẹ̀kẹ́ á sì tún dúpẹ́. Àánú ni wọ́n kà á sí. Akíndúró ò béèrè ibi tí Tíṣà fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ dé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nídìí iṣẹ́ kan, ta ni yóò wá máa kọ́ ọ níṣẹ́?

"Ṣebí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí mo gbé e wá," Tíṣà ní.

"Irin ni, Tíṣà. Irin kì í ránṣẹ́ síni kó tó já."

Tíṣà dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. "Baba ni mo fẹ́ fi gbé lọ sí Tudun Ínábì láàárọ̀ yìí. Òkè ni wọ́n ń gùn débẹ̀, bọ̀ọ̀dá. Nítorí òkè yẹn ni mo ṣe ra kẹ̀kẹ́ tó ní gíà."

Ta ni kò mọ Baba Hámzà, bàbá Tíṣà? Ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Sókótó, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Òun ló fún Akíndúró ní ojúkò tó fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí Akíndúró kọ́kọ́ wọ̀lú tí kò mọ ará, tí kò mọ ọ̀rẹ́. Gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ pé bàbá náà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Málàmù Shehu, jọ gbin ọgbà àjàrà kan sórí òkè létí adágún ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Láti ìgbà tí afárá ọ̀nà ibẹ̀ ti wó ní ọdún méjì sẹ́yìn, mọ́tò ò débẹ̀ mọ́, kẹ̀kẹ́ Márúwá ò débẹ̀. Àfi kẹ̀kẹ́ ológeere, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ẹsẹ̀ ènìyàn. Orúnkún Baba ò sì gba ìrìn mọ́. Lóṣù tó kọjá ni Málàmù Shehu ránṣẹ́ pé òun ò lè sọ̀ kalẹ̀ wá sígboro mọ́, pé bí Hámzà ò bá wá nínú ọyẹ́ yìí, ó di àlùjánnà kí àwọn tó tún fojú kan ara àwọn.

"Ẹ jẹ́ kó dọ̀la, kí n wá gíà mìíràn," Akíndúró ní. Ti tẹ́lẹ̀ ti bá àwọn tó ń ra irin àlòkù lọ.

"Ọ̀la la ó wọlé ní ilé ìwé. Kò sí àyè mìíràn."

"Ó dáa, màá bá yín lọ. Màá máa ti kẹ̀kẹ́ yín lẹ́yìn."

Bí wọ́n ṣe di mẹ́ta nìyẹn. Tíṣà gun kẹ̀kẹ́, Baba jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lórí tìmùtìmù tí wọ́n fi okùn dè, Akíndúró sì gun ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ tẹ̀lé wọn. Wọ́n gba Gagi kọjá. Lẹ́yìn ilé tó kẹ́yìn, wọ́n yà sí ojú ọ̀nà tóóró tó tẹ̀ lé etí odò tí ìjọba là fún àwọn àgbẹ̀, ariwo mọ́tò sì dákẹ́.

Akíndúró ò mọ̀ pé irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nítòsí ilé òun. Ó ń gbọ́ ohùn táyà lórí iyẹ̀pẹ̀. Ó ń gbọ́ ẹyẹ. Lápá ọ̀tún, oko àlùbọ́sà lọ salalu, ó tutù yọ̀yọ̀, ìrì ṣì wà lára ewé rẹ̀. Lápá òsì, omi ń ṣàn jẹ́jẹ́, àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń fọ aṣọ létí rẹ̀ sì nahùn kí wọn káàbọ̀ ní Haúsá: "Sannunku da zuwa!" Baba dá wọn lóhùn, ó béèrè àlàáfíà ìyá wọn, ó béèrè àlàáfíà ewúrẹ́ wọn. Gbogbo ẹni tí wọ́n pàdé ló dúró kí Baba. Ẹni tó ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan yà sínú koríko fún wọn, bí ẹni pé ọba ló ń kọjá.

"Háà, ṣé ibí yìí ti wà látọjọ́ yìí?" Akíndúró bá ara rẹ̀ sọ. Ṣọ́ọ̀bù, ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, Sókótó tó mọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́, nítorí gbogbo ẹwà ọ̀nà náà ń gbé wọn súnmọ́ òkè tó ń bà á lẹ́rù.

Òkè náà dé lóòótọ́. Ilẹ̀ pupa ni, ó ga, orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí orí tábìlì. Tíṣà kó agbára jọ, ó gùn ún dé ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Akíndúró gbé kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó wá tì wọ́n lẹ́yìn. Wọ́n tún padà sẹ́yìn. Lẹ́ẹ̀kẹta, táyà yọ̀, díẹ̀ ló kù kí Baba já bọ́.

"Ó tó!" Tíṣà ké. Òógùn bò ó. "A ó padà. Baba, ẹ má bínú. Gíà ló já, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni."

Baba wo òkè, níbi tí ewé àjàrà ti ń yọjú lórí ọgbà ẹlẹ́gùn-ún. Ó fi etí láwàní nu ojú, ó sì yí ojú náà sápá ibi tí wọ́n ti wá.

Akíndúró ò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku.

"Baba, gíà ò já. Èmi ni mo yọ ọ́. Bí mo ṣe ń ṣe sí ti gbogbo ènìyàn ni mo ṣe sí i, mi ò béèrè. Nígbà tí Tíṣà bi mí, mo purọ́."

"Bọ̀ọ̀dá!" Tíṣà wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. "Ẹ wo ojú mi láàárọ̀, ẹ ní irin ni!"

Kò gbàgbé ọ̀wọ̀ nínú ìbínú rẹ̀, ìyẹn ló dun Akíndúró jù.

"Ó tó báyìí," Baba ní. "Akíndúró, dìde. Ẹni tó yọ gíà ni yóò di gíà. Bẹ̀rẹ̀ kí o pọ̀n mí."

"Baba! Kí àwọn ará abúlé máa wò yín lẹ́yìn ènìyàn bí ọmọ ọwọ́?" Tíṣà dá sí i.

"Kí wọ́n wò. Ìyá mi náà pọ̀n mí, kò sẹ́ni tó bú mi."

Akíndúró pọ̀n ọ́n. Baba fúyẹ́ ju bó ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé ìdajì òkè, èémí Akíndúró ti ń dún fìì. Tíṣà ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ lẹ́yìn wọn. Nígbà tí wọ́n gòkè tán, Baba fi ọwọ́ lù ú léjìká.

"Yíjú padà."

Ó yíjú padà. Adágún náà wà nísàlẹ̀ wọn, ó tẹ́ lọ rẹrẹ láàárín àwọn òkè, àwọn pẹ́pẹ́yẹ ń wẹ̀ lórí rẹ̀.

"Ṣé o ti rí i rí?"

"Rárá, Baba."

"Háà. Mo jẹ̀bi. Ó yẹ kí n ti mú ọ wá."

Akíndúró gbé e wọnú ọgbà àjàrà lọ.

Málàmù Shehu jókòó sórí ẹní lábẹ́ àtíbàbà àjàrà. Nígbà tó rí ẹni tó wà lẹ́yìn Akíndúró, ó pariwo "Kai!", ó gbìyànjú láti dìde, kò lè dìde. Wọ́n gbé Baba kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbààgbà méjèèjì di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń kí ara wọn, kíkí ò sì tán. Ẹnìkan ń sunkún nínú wọn, ẹnìkejì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti darúgbó, òun náà sì ń sunkún.

Ìgbà tó pẹ́ díẹ̀ ni Málàmù Shehu tó wo kẹ̀kẹ́ tí Tíṣà fi ti igi, tí kò rí gíà tí wọ́n ti ròyìn fún un lára rẹ̀.

"Gíà ló já lọ́nà, àbí?" ó béèrè ní Haúsá. "Mo mọ̀. Àwọn gíà ìsinyìí ò lágbára."

Tíṣà wolẹ̀. Baba ń já èso àjàrà sẹ́nu ní tirẹ̀, bí ẹni tí kò gbọ́. Ó yé Akíndúró pé kò sẹ́ni tí yóò tú àṣírí òun níbẹ̀. Bí òun bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn.

"Kò já, Málàmù," ó ní, ní Haúsá rẹ̀ tí kò dán mọ́rán. "Èmi ni mo yọ ọ́."

Tíṣà gbójú sókè. Ó sún lórí ẹní, ó sì fi ọwọ́ gbá àyè tó ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "ẹ jókòó, ó ti rẹ̀ yín."