Ẹnu Ìyàwó Awakọ̀

Ohun tí Agbẹnusọ bẹ̀rù jù láyé kì í ṣe ikú, kì í ṣe àìsàn. Gbọ̀ngàn tó ṣófo ni. Ní ilé-ìwé tó ti ń ṣe olùkọ́, òun ló ń kí àlejò káàbọ̀, òun ló ń dágbére fún ẹni tó ń lọ, bí wọ́n bá sì ní kó dúpẹ́ ní ṣókí, àwọn tó mọ̀ ọ́n á ti wá ibi tí wọ́n á fẹ̀yìn tì. Àwọn ará ilé rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Agbẹnusọ láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òun gbà á bí oyè.

Ọjọ́ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sọ fún wọn ní yàrá àwọn olùkọ́ pé ẹni tó bá tún rí òun níbẹ̀, àlejò pàtàkì lòun wá ṣe. Ó ní òun ń lọ kọ́ ilé kan sórí ayélujára, Ilé Ọ̀rọ̀ lorúkọ rẹ̀, níbi tí àwọn tí ẹ̀rù ń bà láti sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn yóò ti máa san owó oṣooṣù kí òun lè kọ́ wọn. Bí ọ̀nà àtipadà ṣe dí nìyẹn. A kì í tutọ́ sílẹ̀ ká tún lá a, pàápàá níwájú ọ̀gá ilé-ìwé.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló bá a kọ́ ìkànnì náà, nítorí iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ìyàwó Agbẹnusọ, tí kò jẹ́ pe ọmọ ọkọ lórúkọ, ló ń pè é ní Eyínfúnjowó, gbogbo ilé sì bá a pè é bẹ́ẹ̀. Eyínfúnjowó fi sùúrù ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ìkànnì elówó dà bí ilé tó ní fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń kọjá lè yọjú lójú fèrèsé lọ́fẹ̀ẹ́, kó wo fídíò kan, kó gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tí àwọn ará ilé ń sọ. Owó ló ń ṣí ilẹ̀kùn. Bó bá wọlé tán, yóò bá àwọn ẹ̀kọ́ ní yàrá kan, yóò sì bá gbọ̀ngàn kan níbi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń kọ̀wé síra wọn. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má kánjú, kó kọ́kọ́ mú èèyàn díẹ̀ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó lẹ́nu ọ̀nà.

"Bùrọ̀dá, ẹ̀kọ́ lè mú wọn wọlé," ó sọ fún un, "àmọ́ ẹ̀kọ́ kọ́ ló máa dá wọn dúró. Èèyàn ló ń dá èèyàn dúró."

Agbẹnusọ mi orí bí ẹni tó gbọ́. Nígbà tí ilé ṣí, ó wọ gbọ̀ngàn, kò bá ẹnì kankan. Ó jáde, ó tún wọlé. Ara rẹ̀ kò gbà á. Ló bá jókòó, ó dá èèyàn tirẹ̀.

Sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ́kọ́ dá, ó dá akẹ́kọ̀ọ́ kan tẹ̀ lé e, ó wá dá obìnrin kan tó pè ní Ìyàwó Awakọ̀. Sójà ń sọ̀rọ̀ bí Agbẹnusọ. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ń sọ̀rọ̀ bí Agbẹnusọ. Àwọn méjèèjì ń yin olùkọ́ débi pé ojú ti olùkọ́ fúnra rẹ̀, èyí tí kì í ṣe ohun kékeré, ló bá lé wọn dànù. Ìyàwó Awakọ̀ nìkan ló kù, torí òun kì í yin ẹnikẹ́ni. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, tí itọ́ ń gbẹ lẹ́nu rẹ̀ bí ojú bá ti pọ̀ lára rẹ̀. Ohun tó ṣe é nìkan ló máa ń kọ.

Níbo ni Agbẹnusọ ti rí irú obìnrin bẹ́ẹ̀? Kò bi ara rẹ̀. Ìyàwó tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà oògùn. Nígbà kan, wọ́n ní kí ìyàwó náà sọ ọ̀rọ̀ ìdágbére fún ọ̀gá rẹ̀ tó ń fẹ̀yìn tì. Ó dìde, ó di ẹ̀yìn àga mú, ẹnu rẹ̀ gbẹ. Kó tó rí ibi tó máa gbé ọ̀rọ̀ gbà, ọkọ rẹ̀ tó bá a wá ti dìde, ó ti gbà á sọ. Ó yin ọ̀gá tí kò mọ̀ rí yìí títí ọ̀gá náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Nínú mọ́tò, bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, obìnrin náà wo ìta pẹ́, ó wá ní, "Ẹnu mi wà lọ́wọ́ yín. Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀." Agbẹnusọ rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dùn, ó tó kọ sílẹ̀.

Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyàwó Awakọ̀ ló kọ ọ́ sínú gbọ̀ngàn, àtàga àtẹnu tó gbẹ, àtọkọ tó dìde, títí dórí ọ̀rọ̀ inú mọ́tò. Agbẹnusọ gbé e sójú fèrèsé kí àwọn tó ń kọjá lè rí i. Ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Nọ́ọ̀sì kan wọlé, ó ní òun kà á lẹ́nu iṣẹ́, òun ní láti lọ bọ́jú. Káfíńtà kan wọlé, ó ní òun lòun jẹ́ ọkọ inú ìtàn yẹn, òun sì ń lọ tọrọ àforíjì nílé. Gbọ̀ngàn kún. Ṣùgbọ́n bí Agbẹnusọ bá gbé ẹ̀kọ́ tuntun wá, wọ́n á ní, "A dúpẹ́, olùkọ́," wọ́n á sì yára padà sọ́dọ̀ Ìyàwó Awakọ̀, wọ́n á máa bi í bó ṣe sùn. Nígbà tó yá, Agbẹnusọ ń jowú obìnrin tó fọwọ́ ara rẹ̀ dá.

Káfíńtà ló dá a lábàá pé kí gbogbo wọn pàdé lójú fídíò lọ́sàn-án Sátidé, kí wọ́n rí ojú ara wọn, kí Ìyàwó Awakọ̀ sì sọ̀rọ̀ díẹ̀. Agbẹnusọ gbà kó tó ronú, torí etí rẹ̀ kì í gbọ́ "ìpàdé" kó dákẹ́. Ìgbà tó ronú tán ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí. Ó ní ọ̀fìnkìn ń ṣe obìnrin náà; Nọ́ọ̀sì kọ ohun tó máa lò. Ó ní fóònù rẹ̀ bàjẹ́. Káfíńtà ní kó fi àdírẹ́sì ránṣẹ́, òun ní èyí tóun kì í lò mọ́. Ó ní ó ti rìnrìn àjò. Wọ́n bi í pé ṣé kò sí nẹ́tíwọ̀kì níbẹ̀ ni. Káfíńtà wá kọ ọ́ sáàárín gbọ̀ngàn, níbi tí kò ti sẹ́ni tí kò ní rí i:

"Olùkọ́, igi ni mo ń gbẹ́ jẹun. Mo mọ èyí tí wọ́n kàn fi ọ̀dà bò. Ṣé obìnrin yìí wà? Bí a ò bá rí i ní Sátidé, màá bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀, màá sì sọ ohun tó lé mi jáde fún gbogbo ẹni tó bá ń yọjú lójú fèrèsé."

Àwọn tó kọ "bẹ́ẹ̀ ni" sábẹ́ rẹ̀ kò kéré. Ìparí oṣù sì ń bọ̀, ìgbà tí oníkálùkù á pinnu bóyá òun á tún sanwó. Agbẹnusọ rí yàrá àwọn olùkọ́ lójú inú, ó rí ọ̀gá ilé-ìwé tó ń fà á lọ́wọ́ jókòó, tó ń sọ pé, "Àlejò pàtàkì, ẹ káàbọ̀."

Ó lọ bá ìyàwó rẹ̀ ní ilé ìdáná, níbi tó ti ń fọ abọ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ bí eré kékeré. Ó ní obìnrin kan ló wà tí kò sí, kó kàn bá òun jẹ́ ẹ lọ́sàn-án ọjọ́ kan péré. Ìyàwó náà nu ọwọ́. Ó ní kó jẹ́ kóun ka ohun tí obìnrin náà ti sọ sẹ́yìn, kóun má baà ta kò ó. Kò sí bí Agbẹnusọ ṣe fẹ́ sọ pé rárá. Ó gbé fóònù fún un. Obìnrin náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, ó ń kà, omi ń kán tó, tó, tó sínú abọ́, Agbẹnusọ sì ń ṣàlàyé láìdákẹ́ pé òǹkọ̀wé a máa ṣa nǹkan jọ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Obìnrin náà kà á tán, ó da fóònù dojú bolẹ̀.

"Awakọ̀," ó ní. "Ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ kí n fẹ́ olùkọ́."

Agbẹnusọ ní ó yẹ kéèyàn pa nǹkan dà díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti ẹ̀rọ omi tó ń kán pa. Ó ní, "Màá sọ̀rọ̀ ní Sátidé," ó sì padà sídìí abọ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kọ ohun tó yẹ kó sọ sínú ìwé, tó gbé e fún un, ó dúpẹ́, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi há abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì. Tábìlì náà kò mì mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni Agbẹnusọ kò ti lè jẹun yó.

Sátidé dé. Kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé ilé kan náà ni wọ́n wà, Agbẹnusọ jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, ìyàwó rẹ̀ wà ní yàrá pẹ̀lú fóònù, aṣọ ibùsùn ni wọ́n ta sẹ́yìn rẹ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Eyínfúnjowó ti kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, kó pa ohùn àwọn yòókù. Bọ́tìnnì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn wà.

Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan: Nọ́ọ̀sì nínú aṣọ iṣẹ́, Káfíńtà pẹ̀lú pẹ́ńsùlù létí, Eyínfúnjowó láti ilé tirẹ̀, tó wá wò bóyá gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ojú kan yọ tí wọ́n kọ "Ìyàwó Awakọ̀" sí lábẹ́. Eyínfúnjowó tó ń rẹ́rìn-ín pa eyín dé lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú gbogbo ètò Agbẹnusọ, kò rántí pé àbúrò rẹ̀ mọ ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n Eyínfúnjowó kò tú àṣírí náà. Ó kàn ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Agbẹnusọ kí àwọn èèyàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì kúrú fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó pa ohùn gbogbo wọn, ó fi ti ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin náà la ẹnu, kò sí ohùn. Ọwọ́ rẹ̀ wá ẹ̀yìn àga rí, ó dì í mú. Ó di ojú, bí ẹ̀kọ́ kìíní Ilé Ọ̀rọ̀ ṣe ní kí ẹni tí ẹ̀rù ń bà ṣe: kó di ojú, kó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ògiri.

"Ẹ káàsán o. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún yín pé èmi kọ́ ni ìyàwó..."

Ìka Agbẹnusọ ti tẹ bọ́tìnnì kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀.

Lójú kọ̀ǹpútà, ẹnu obìnrin náà ń lọ, ohùn kò sí. Ṣùgbọ́n ògiri pálọ̀ kò ní bọ́tìnnì. Láti inú yàrá, Agbẹnusọ ń gbọ́ ọ, ó lọ́ra, ó sì ṣe kedere: "Mi ò mọ awakọ̀ kankan. Olùkọ́ yín lọkọ mi. Ohun tẹ́ ẹ kà yẹn, èmi ló ṣẹlẹ̀ sí. Kò bi mí kó tó kọ ọ́."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ pé àwọn ò gbọ́. Ẹlòmíì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Káfíńtà kọ ọ́ pé, "Olùkọ́, ẹ bá a ṣí i." Wọ́n ti na ọrùn sí iwájú, gbogbo ojú wọn kún inú fèrèsé kéékèèké yẹn, wọ́n ń wo ètè obìnrin kan bóyá wọ́n á rí ọ̀rọ̀ kan mú níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí Agbẹnusọ ti ń sọ̀rọ̀ láyé, kò sẹ́ni tó na ọrùn bẹ́ẹ̀ yẹn nítorí tirẹ̀. Àwọn tirẹ̀ a máa fẹ̀yìn tì ni.

Gbólóhùn tó máa gbà á là wà lẹ́nu rẹ̀: ẹ má bínú, nẹ́tíwọ̀kì ni. Ta ni kò ní gba ìyẹn gbọ́? Nẹ́tíwọ̀kì kì í bá èèyàn jiyàn. Á pa fóònù náà, á ní obìnrin náà ti gbìyànjú, gbogbo wọn sì ti rí i pé ó wà. Ó la ẹnu. Lẹ́yìn ògiri, ohùn náà dé òpin ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó mí, ó sọ fún ara rẹ̀ wẹ́rẹ́ pé, "Mo ti sọ ọ́."

Agbẹnusọ pa ẹnu dé. Ó tẹ bọ́tìnnì náà padà.

Ìyàwó rẹ̀ la ojú, ó rí ohun tí wọ́n kọ. Ó bi wọ́n pé ṣé wọn ò gbọ́ ni. Wọ́n mi orí. Kò wo fóònù mọ́. Ó yíjú sí ògiri, ó wò ó díẹ̀. Agbẹnusọ mọ ojú yẹn, ojú inú mọ́tò ni. Ó rò pé ó ti parí nìyẹn, pé ẹnu náà ti gbẹ.

"Ó dáa," ìyàwó rẹ̀ ní. "Wọ́n kọ́ yín nínú ilé yìí pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ògiri. Ògiri ti gbọ́. Ó ku ẹ̀yin."

Ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì láti ìbẹ̀rẹ̀, láìdi nǹkan kan mú.

Nígbà tó parí, Káfíńtà bi olùkọ́ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni Agbẹnusọ ti tò sílẹ̀ láti fi gbèjà ara rẹ̀, ọ̀kan tiẹ̀ ní òwe méjì nínú. Kò rí èyíkéyìí mú.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Èmi ni mo kọ ọ́. Èmi náà ni mo pa ohùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan."

Káfíńtà dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, kò dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́, ojú rẹ̀ sì kú mọ́ wọn lójú. Ọ̀pọ̀ tẹ̀ lé e. Bí fèrèsé kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣókùnkùn ni Agbẹnusọ ń kà á bí ẹni tó ń wo gbọ̀ngàn tó ń tú. Àwọn díẹ̀ ló kù. Nọ́ọ̀sì bi ìyàwó rẹ̀ bóyá yóò wá ní Sátidé tó ń bọ̀, torí bóun bá tún máa sanwó, ìyẹn lòun máa tìtorí ẹ̀ san. Obìnrin náà ní òun á wá.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Eyínfúnjowó tó sọ̀rọ̀. Ó bi ìyàwó ilé wọn bóyá kóun pa gbogbo ohun tí Ìyàwó Awakọ̀ kọ rẹ́. Ìyàwó náà ní kó má pa á rẹ́, kó kàn kọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ti ẹnu rẹ̀ jáde sábẹ́ rẹ̀. Eyínfúnjowó ní òun á ṣí ilẹ̀kùn fún un láti inú nígbà náà, kó wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, ilé rẹ̀ náà kúkú ni.

"Rárá o, Eyínfúnjowó mi. Ẹnu ọ̀nà ni mo fẹ́ gbà, màá sì sanwó bíi gbogbo èèyàn. Ẹni tó wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ kì í lè bínú dáadáa."

Ìgbà tí gbogbo ojú ti lọ, Agbẹnusọ ṣì jókòó sí pálọ̀. Kò sẹ́ni tó wá bá a. Ó ń gbọ́ tí wọ́n ń tẹ fóònù nínú yàrá. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dún: ọmọ ẹgbẹ́ tuntun kan ti sanwó, ó ń dúró kí olùkọ́ kí òun káàbọ̀. Àyè ìkíni sì fẹ̀. Ojú ewé kan gbáko ni Agbẹnusọ máa ń kọ sí i. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ìlà mẹ́rin tó dùn. Ó kà wọ́n, ó pa wọ́n rẹ́. Ó kọ "Ẹ káàbọ̀," ó fi ránṣẹ́, ó sì ká ọwọ́ rẹ̀ lé itan, ó ń dúró de ohun tí obìnrin náà máa bá a sọ.