Eré Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Tí Alphonse Kò Kó Jọ

"Ọ̀dínátọ̀ yìí? Kò tíì pa mí rí! Ó pé ọdún méjì tí a ti jọ ń ta dáàmù, ẹ bi í léèrè, kò lè sọ pé òun pa mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!"

Alphonse ló ń sọ bẹ́ẹ̀ ní pálọ̀ rẹ̀ ní Pobè, nípa dáàmù, eré tí wọ́n ń fi ọmọ ta lórí pátákó bí ayò; ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń gbá ikùn bí ẹni tó ṣẹ́gun ìlú méje. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni, Mẹ̀tírì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Rosine ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Bàbá Espérance, ta ló bi yín ní ti dáàmù? Ẹ wo ojú ọmọ yín."

Espérance ọmọ wọn dúró síwájú ọ̀dínátọ̀ náà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé, bí ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ jóná. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń wáṣẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ọ̀gbìn ọ̀pẹ ní Kútọnu fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí kọ̀ǹpútà yìí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyí. Ó ní kí òun kọ́kọ́ dán an wò pẹ̀lú Aurore ọ̀rẹ́ òun. Ojú Aurore yọ, ó lanu láti kí i, ẹnu náà sì wà ní lílà. Wọ́n jẹun tán, wọ́n fọ abọ́, Aurore ò tíì pa ẹnu dé.

"Bàbá, bí ojú tèmi náà bá gan báyìí níwájú ọ̀gá, wọ́n á rò pé mò ń pariwo mọ́ wọn ni."

"Ìrántí rẹ̀ ló kéré," Alphonse dáhùn. "Ẹ̀rọ náà ti ń dàgbà. A ó ra ìrántí sí i."

"Àṣé wọ́n ń tà á?" ni Rosine wí. "Ẹ bá mi ra tiyín mọ́ ọn. Ọjọ́ Ìsinmi lẹ gbàgbé mi sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó di Sakété. Alphonse gun zẹ́mí kan, alùpùpù akérò, ó gbá kọ̀ǹpútà mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Ìyá àti ọmọ gun alùpùpù kejì tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ̀ Bàṣírù ni wọ́n ń lọ, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù aṣọ ìyá rẹ̀. Bàṣírù tan ẹ̀rọ náà. Ó wò ó. Ó ṣí fìlà.

"Mẹ̀tírì, ta ló ń ta dáàmù nílé yín?"

"Èmi ni. O fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ ni?"

"Eré mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà ní ṣíṣí níbí! Ẹ ò ti ẹyọ kan pa. Bí ẹ bá pa ìdérí dé, ẹ̀rọ yìí kàn ń sùn ni. Bó bá jí, gbogbo wọn ló tún ń gbé rù. Bí ìgbà tí ẹ ń jẹun nínú àwo kan fún ọdún méjì ni, tí ẹ ò kó egungun kúrò. Níbo lẹ fẹ́ kí wọ́n bu ọbẹ̀ tuntun sí?"

Ó ń ṣí eré náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú èkíní, ọmọ méjì ló kù fún Alphonse, ẹ̀rọ ní mọ́kànlá. Nínú èkejì, ọmọ kan ṣoṣo, ó há sí igun bí ewúrẹ́ tí òjò ká mọ́ abẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀. Nígbà tí yóò fi dé ìkẹrin, Rosine ti ń wo ọkọ rẹ̀ tìlẹ̀-tòkè.

"Bàbá Espérance. Ẹ ní kò pa yín rí."

"Kò pa mí! Mo ti kó ọmọ jọ ni?"

Òfin kan ló wà níbi tí àwọn onízẹ́mí ti ń ta dáàmù ní Pobè bí wọ́n ṣe ń dúró de èrò: ẹni tó bá kó ọmọ jọ ni wọ́n pa. Bí èrò bá pè ọ́, tí o dìde lọ, eré rẹ ṣì dúró, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pè ọ́ ní òkú. Alphonse ti dìde nínú eré mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Òmíràn, oúnjẹ ló pè é. Òmíràn, àdúrà. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé ìsìnkú ló lóun ń lọ, ó sì gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé padà wọlé.

"Fi ìrántí kún un," ó sọ fún Bàṣírù. "Ìlọ́po méjì! Eré mi á dúró, ojú ọmọ mi á sì yọ."

Bàṣírù tú ikùn ẹ̀rọ náà. "Ó gbà á o, Mẹ̀tírì. Ó gbà á dáadáa."

Alphonse pàtẹ́wọ́.

"Ṣùgbọ́n irú èyí tó ń lò ti tán lọ́wọ́ mi. Kútọnu ni màá ti béèrè rẹ̀. Ó di ọjọ́ Ẹtì."

Ọjọ́bọ̀ sì máa ń ṣáájú Ẹtì, títí kan Sakété. Espérance kàn wo bàbá rẹ̀. Ìyẹn ló burú jù.

"Ẹ fún mi ní wákàtí méjì," ni Alphonse wí. "Màá na gbogbo wọn tán!"

Ó jókòó, ó sún ọmọ kan. Ẹ̀rọ fò lẹ́ẹ̀kan, ó kó méjèèjì tó kù fún un jẹ. Alphonse dìde.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ mumi ná."

"Ẹ jókòó síbẹ̀!" Rosine ló jágbe.

Ó jókòó. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó dijú. "Màá kó o jọ. Nítorí tìẹ. Àmọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n lóòjọ́! Ojú wo ni màá fi wo àwọn onízẹ́mí?"

Rosine nu ọwọ́ sí ìró. "Ẹni tó bá kó ọmọ jọ ni wọ́n pa, àbí?"

"Òfin ni."

"Bó bá jẹ́ èmi ni mo kó o ńkọ́?"

Alphonse la ojú kan. Ó yẹ òfin náà wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn. "Tó bá jẹ́ ti òfin… ìwọ ni wọ́n pa."

"Ẹ sún sọ́hùn-ún."

Bàṣírù fi àmì tí wọ́n fi ń ti eré pa han Rosine. Ó tẹ̀ ẹ́. "Mo kú." Ó tún tẹ̀ ẹ́. "Mo tún kú." Kó tó dé ìkẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn tó wá ra aṣọ ti rọ́ dé, wọ́n ń bá a kà á, wọ́n ń kí i kú ìrọ́jú. Nígbà tó kú tán, Alphonse gbá a léjìká.

"O ṣeun, Ìyá Espérance. Àbùkù rẹ ò ju ẹyọ kan lọ: o máa ń kánjú ta."

Ọjọ́bọ̀ dé. Kọ̀ǹpútà ń sáré bí alángbá. Espérance jókòó síwájú rẹ̀ nínú aṣọ búlúù; bàbá àti ìyá fara ti ògiri lọ́hùn-ún, wọn ò gbọdọ̀ mí. Aago mẹ́wàá lù, ohùn obìnrin kan wọlé. Màdáàmù Ṣóbándé ni, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà.

"A rí yín kedere."

"Èmi ò rí yín, Mà."

"Fóònù ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."

Ó bi í, Espérance dáhùn. Ó tún bi í, ó dáhùn bí ẹni pé inú oko ọ̀pẹ ni wọ́n bí i sí. Ojú rẹ̀ ò gan lẹ́ẹ̀kan. Ààbọ̀ wákàtí kọjá.

"Ó dáa," ni ohùn náà wí. "Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé."

Hà! Rosine fò, ó ń kọrin. Alphonse gbé kọ̀ǹpútà, ó fẹnu kò ó lórí. "Lọ́la ni mò ń lọ gba ìrántí ẹ ní Sakété! Èmi àtìẹ ò ní pínyà mọ́!"

Màdáàmù Ṣóbándé ò tíì gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀.

"Kí ẹ mú ọ̀dínátọ̀ yẹn dání o," ó wí. "Tiwa ti bàjẹ́."