Obìnrin Inú Kọ̀ǹpútà

Aránṣọ ni ìyàwó, ayafọ́tò ni ọkọ. Inú ilé kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà ní yàrá iwájú. Yàrá ẹ̀yìn ni ọkọ ta aṣọ dúdú sára ògiri rẹ̀, tó sì gbé iná ńláńlá sórí ẹsẹ̀ irin. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò gbọ́dọ̀ kọjá níwájú ìyàwó, kò sì sí obìnrin tó kọjá tí ìyàwó kì í wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, agbẹjọ́rò obìnrin kan wá ya fọ́tò tí yóò gbé kọ́ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Obìnrin náà rẹwà, èèyàn ò lè parọ́. Ìyàwó ń gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ láti inú: "Ẹ gbé àgbọ̀n yín sókè díẹ̀. Ẹ ṣeun. Ẹ wò mí." Ohùn náà tutù minimini. Ìyàwó fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ níka.

Ó rò pé bí obìnrin náà bá ti lọ, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àṣé kò tíì bẹ̀rẹ̀! Lójoojúmọ́ ni ọkọ ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, tí ó ń fẹ ojú agbẹjọ́rò náà nínú fọ́tò títí ẹyinjú rẹ̀ á fi tó ọmọrí ìkòkò. Yóò yọ irun kan kúrò, yóò tan ìmọ́lẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, yóò tún pa á dà.

"Olówó orí mi, kí lẹ̀ ń wá lójú obìnrin olóbìnrin?"

"Iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ wo ló ń mú èèyàn rẹ́rìn-ín músẹ́?"

Ọkọ tún yọ irun kan kúrò.

Nígbà tí agbẹjọ́rò padà wá, tó gbọ́ iye tó máa san, ó fajú ro. "Bọ́tìnnì kan péré lẹ tẹ̀ o!"

Inú ìyàwó dùn. Ó ń gbàdúrà kí ìjà bẹ́.

Ọkọ ò bínú. "Títẹ bọ́tìnnì, ọ̀fẹ́ ni mà. Ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì tó wò yín wọ́n ju ọkọ̀ mi lọ. Onílé kì í sì í béèrè bóyá oníbàárà wá kó tó gbowó ilé. Ẹ̀yin jókòó díẹ̀, ẹ lọ; èmi ò tíì kúrò níwájú yín láti ọjọ́ náà."

Agbẹjọ́rò wo fọ́tò náà, ó sì sanwó. "Ẹnikẹ́ni ò wò mí báyìí rí," ló wí, ó bá jáde.

Ọ̀rọ̀ yẹn ta ìyàwó lójú bí ata. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó wọ bùláòsì tó fẹ́ràn jù, ó lọ jókòó sórí àga oníbàárà.

"Ẹ ya èmi náà. Mo máa sanwó."

Ọkọ rò pé àwàdà ni, àfìgbà tó rí ojú rẹ̀. Ó tan iná. Ó yí i po, ó ti iná síwájú, ó fà á sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀, ó nàró. Ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìyàwó. Ojú tí ọkọ fi ń wò ó kì í ṣe ojú ìfẹ́ rárá. Ojú tí òun náà fi ń wo aṣọ tí ojú rírán rẹ̀ wọ́ ni.

"Kí lẹ̀ ń wò gan-an?"

"Òjìji imú ẹ ń bọ́ sórí ètè. Abẹ́ ojú ẹ sì dúdú. Ṣé o ò sùn dáadáa ni?"

"Owú ni ò jẹ́ n sùn."

Ọkọ gbé kámẹ́rà sílẹ̀. "Owú ta ni?"

"Agbẹjọ́rò."

"Obìnrin yẹn? Bó bá kí mi nítìtì lọ́la, bóyá ni mo máa dá a mọ̀."

"Ojú tèmi ńkọ́?"

"Mo rò pé mo ti mọ tìẹ. N ò wò ó dáadáa mọ́, ó ti pẹ́."

Ó dun ìyàwó wọra, àmọ́ ó kúkú sàn ju irọ́ lọ.

Láti ọjọ́ kejì, ojú ìyàwó ló gba kọ̀ǹpútà. Ó pe ọkọ wá jẹun. Ó tún pè é. Ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rí bó ṣe tẹjú mọ́ obìnrin inú kọ̀ǹpútà, owú sì tún gbé e: ó ń jowú ara rẹ̀! Ó fa àpótí kan, ó jókòó tì í.

Ọkọ tọ́ka sí àpá kékeré lókè ojú rẹ̀. "Kí ló ṣe ọ́ níbí?"

"Mo jí bèbí ìṣeré ẹ̀gbọ́n mi gbé ní kékeré, ó lé mi, mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Látọjọ́ tá a ti ń gbé pọ̀, ẹ ò bi mí rí."

"Ṣé kí n pa á rẹ́?"

"Ẹ fi sílẹ̀." "Ti agbẹjọ́rò ńkọ́? Ṣé ẹ bi òun náà léèrè àpá tirẹ̀?"

"Kò lápá kankan."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ìyàwó wí, ó fọwọ́ kan àpá rẹ̀, ó bá lọ tún gbé oúnjẹ kaná.