Ẹ̀rí Tí Bàbá Jẹ́ Nípa Orí Làṣẹ

Ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, Ọládèjì Adéfọlá dìde ní àkókò ẹ̀rí nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Oak Cliff, ní ìlú Dallas, ó gba makirofóònù, ó sì kéde fún ìjọ pé Ọlọ́run ti wo orí ọmọ òun sàn.

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré!" ni ó ń pariwo. "Orí tó gbá mọ́ ògiri, orí tí dókítà ní kò gbọdọ̀ wo tẹlifíṣọ̀n, ó ti dá ṣáká! Ẹ bá mi gbé Jésù ga!"

Ìjọ gbé E ga. Ọmọ tí wọ́n torí rẹ̀ gbé E ga jókòó ní ìlà kẹta, ó dé gíláàsì dúdú sójú nítorí pé iná òkè àjà ń gún un bí abẹ́rẹ́, ó sì ń gbé itọ́ mì léraléra kí ó má baà bì sára ìyá rẹ̀.

Tolúwalàṣẹ ni orúkọ rẹ̀. Làṣẹ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà náà, iṣẹ́ tí ọmọ Yorùbá kì í sábà ṣe ni ó sì ń ṣe: họ́kì orí yìnyín ni ó ń gbá jẹun. Ní kékeré wọn, bí ooru Dallas bá ti mú, ìyá rẹ̀ a kó òun àti àbúrò rẹ̀ lọ sí ilé ìtajà ńlá kan tí wọ́n tẹ́ yìnyín sí láàárín, kí wọ́n lè rí atẹ́gùn tútù fà símú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí: "Làṣẹ, bọ́ọ̀lù inú fìríìjì yẹn, ṣé ẹ kì í dì síbẹ̀?" Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ àgbà, àwọn tó ń gbá họ́kì gba owó, mú un ni yẹ̀yẹ́ parí.

Ipò ẹ̀yìn ni ó ń gbá, ipò àwọn tó ń dènà. Ẹni tó ń gbá iwájú ni ayé ń pe orúkọ rẹ̀. Ẹni ẹ̀yìn, ọjọ́ tó bá ṣe àṣìṣe nìkan ni wọ́n ń rí i. Iṣẹ́ Làṣẹ ni kí ó máa fi ẹ̀yìn sáré lórí irin tínńrín tó wà lábẹ́ bàtà rẹ̀, kí ojú rẹ̀ má kúrò lára ẹni tó ń bọ̀, kí ó sì fi ara rẹ̀ dí ọ̀nà nígbà tí wọ́n bá fi ọ̀pá gbá rọ́bà líle tó jẹ́ bọ́ọ̀lù eré náà bí òkò. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ti gbá ìdíje ogójì fún ẹgbẹ́ àgbà kí ẹnì kan tó fi èjìká kàn án mọ́ ògiri pápá, tí ọpọlọ rẹ̀ sì mì nínú agbárí.

Nọ́ọ̀sì ni bàbá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà ẹgbẹ́ fi gbé ìwé lé e lọ́wọ́ pé kí ó máa ṣọ́ ọmọ náà nílé, kí ó sì máa kọ ohun tó bá rí sílẹ̀ láràárọ̀: ṣé orí ń fọ́ ọ? Ṣé ó bì? Ṣé ìmọ́lẹ̀ ń dà á láàmú? Làṣẹ ń bì láràárọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ẹ̀rí ti jáde, "rárá" ni bàbá rẹ̀ ń kọ síwájú gbogbo ìbéèrè.

"Dádì, mo tún bì lónìí o," ni Làṣẹ wí nínú mọ́tò nígbà tí wọ́n ń lọ rí dókítà lọ́jọ́rú.

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ti kúrò lẹ́nu mi. Bí o bá lọ sọ pé orí ń fọ́ ọ, o ti sọ Ọlọ́run di òpùrọ́ lójú ìjọ, o sì ti sọ èmi náà di òpùrọ́. Dákẹ́."

Làṣẹ dákẹ́. Dókítà ka ìwé, ó ní kí ó máa lọ gbá. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sáré bọ̀ lórí yìnyín, kì í ṣe ẹni tó sanra, èjìká rẹ̀ kàn ba Làṣẹ lágbọ̀n ni. Làṣẹ ṣubú. Ọjọ́ méjì gbáko ni kò fi mọ orúkọ ara rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà ṣe parí nìyẹn.

Ohun tó tẹ̀lé e ló wá dùn ún ju orí fífọ́ lọ. Nígbà tí dókítà bi Ọládèjì pé báwo ni ti ìwé tó kọ, ó dáhùn pé, "Ọmọ náà fi pa mọ́ mi ni. Kọ̀rọ̀ ló ti ń bì." Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé eléré náà parọ́ nípa ara rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní àìgbàgbọ́ rẹ̀ ló lé ìwòsàn rẹ̀ lọ.

Làṣẹ kó jáde nílé bàbá rẹ̀ lóṣù yẹn gan-an. Ọdún mẹ́rìnlá, kò jẹ oúnjẹ rẹ̀, kò gbé fóònù rẹ̀. Ohun tó ń dun ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ti Làṣẹ kò tilẹ̀ pọ̀ lọ́rọ̀, inú ló fi sí, ó sì ń bomi rin ín. Nígbà tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, òun wà ní apá kan sàréè, bàbá rẹ̀ wà ní apá kejì, wọ́n dojú kọra bí ẹgbẹ́ méjì tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìdíje. Kò sí ẹni tó kí ẹnì kejì.

Nísinsìnyí, ó ń gbé àpátímẹ́ǹtì oníyàrá kan ní Vickery Meadow, ó sì ń pọ́n irin abẹ́ bàtà fún àwọn tó ń gbá họ́kì, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá yìnyín. Kì í wa mọ́tò mọ́, nítorí oòrùn tó ń ta padà lára gíláàsì àwọn mọ́tò orí fríwéè máa ń la orí rẹ̀ sí méjì.

Ní ṣọ́ọ̀bù yìí ni àbúrò rẹ̀, Bọ́sẹ̀, bá a lọ́jọ́ Ajé. Rowlett ni Bọ́sẹ̀ ń gbé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni bàbá wọn wà láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú.

"Bọ̀dá Làṣẹ, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹ̀rọ yẹn, kò jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ara mi."

"Kí lo gbé wá?"

"Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Àti iṣẹ́. Dádì ní kí n bá àwọn bẹ̀ yín."

Làṣẹ pa ẹ̀rọ. "Àbúrò mi ni wọ́n rán sí mi?"

"Ta ni kí wọ́n rán? Gbogbo àgbà tó mọ̀ yín ní Dallas, ẹ ti bá wọn jà tán. Odò Trinity nìkan ló kù."

Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ó gbé e mì. "Wọ́n ní kí o bẹ̀ mí nítorí kí ni?"

"Nítorí gbogbo ẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀ kọ́ ló parọ́ mọ́ mi. Kí ni wọ́n ní àwọn ṣe?"

Bọ́sẹ̀ wolẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń parí ìjà nílé wọn nìyẹn: àgbà kì í fúnra rẹ̀ bẹ ọmọ tó bí, a rán ẹnì kan, ẹni tí wọ́n rán kò sì ní dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀, a kàn ní kí wọ́n fi ṣe ti Ọlọ́run. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á ní ó ti tán, wọ́n á sì jọ jẹun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ọládèjì ti rán irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Làṣẹ ti dá oníṣẹ́ padà.

"Ẹ gbọ́," ni Bọ́sẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ọ̀fun tó ń dùn wọ́n yẹn, jẹjẹrẹ ni. Àwọn dókítà máa ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn lọ́jọ́bọ̀. Wọ́n máa yọ ibi tí ohùn ti ń jáde. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, ohùn Dádì tí a mọ̀ kò sí mọ́ nìyẹn."

Làṣẹ mú bàtà kan, ó wo irin rẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀. "Wọ́n á máa kọ̀wé."

"Wọ́n ti kọ ọ́. Ó wà nínú báàgì mi. Ẹ gbà."

"Gbé e padà fún wọn. Ìwé ni wọ́n fi pa mí. Ẹnu wọn ni mo fẹ́ gbọ́."

"Bọ̀dá Làṣẹ, ọjọ́ mẹ́ta ló kù!"

"Mo lè kà á."

Ṣùgbọ́n nígbà tí Bọ́sẹ̀ lọ tán, ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó ń retí lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlá wá. Ó ti rò pé bí òun bá lè ranjú mọ́ ọn pẹ́ tó, yóò sọ ọ́. Kò rò ó rí pé ẹnu náà lè kú ṣáájú ẹni tó ni ín. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó pọ́n bàtà oníbàtà títí irin rẹ̀ fi bàjẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́rú mọ́, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó wọ rélùwéè, ó gba Rowlett lọ.

Ọládèjì wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí adágún omi. Ó ti rù. Ohùn rẹ̀ ń dún bí ẹni tó ń tẹ ewé gbígbẹ mọ́lẹ̀.

"Làṣẹ. Jókòó."

"Ẹ káàárọ̀, sà." Bí inú ṣe ń bí i tó, kò pe bàbá rẹ̀ ní "ìwọ" rí.

"O ti jẹun?"

"Oúnjẹ kọ́ ni mo wá jẹ."

Bọ́sẹ̀ gbé omi wá, ó fẹ́ yọ́ padà sí kíṣìnnì.

"Dúró," ni Làṣẹ wí. "Igba ènìyàn ló gbọ́ ẹ̀rí ọjọ́sí. Kí ẹnì kan ṣáà gbọ́ tòní."

Bàbá wọn wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ọmọ mi, má bínú. Ohun tó ti kọjá—"

"Ẹ dárúkọ rẹ̀, sà."

"Mo ṣe àṣìṣe."

"Irú èwo?"

Fóònù dún lórí tábìlì. Ọládèjì wò ó, ó pa á. "Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ni. Wọ́n fẹ́ kí n ti máa dúpẹ́ pé ara mi ti yá." Ó mi orí, ó sì yíjú sí adágún omi. Làṣẹ dìde, ó dé fìlà rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn.

"O bì lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn," ni ohùn gbígbẹ náà wí lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mejì. O bì ní Túsìdeè, èmi ni mo di abọ́ mú fún ọ. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ ohun tí mo ń wò. Mo kọ 'rárá'. Ojú ló ń tì mí, mi ò lè padà lọ bá ìjọ pé ọmọ mi kò tíì sàn."

Làṣẹ kò yíjú padà. "Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mo ní ìwọ lo fi pa mọ́." Ikọ́ gbé e, ó pẹ́ kó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Dádì, ó tó," ni Bọ́sẹ̀ wí. "Ẹ sinmi."

"Kò tó. Ó ku ọ̀kan tí òun gan-an kò mọ̀."

Nígbà náà ni Làṣẹ tó yíjú padà.

"Ìyá rẹ bi mí, lọ́sẹ̀ tó máa kú. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, 'Bàbá Làṣẹ, mo ń lọ. Nínú ìwọ àti ọmọ yẹn, ta ló parọ́?'"

Bọ́sẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Làṣẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó súnmọ́ àga bàbá rẹ̀. "Kí lẹ sọ fún wọn?"

"Mo ní ìwọ ni. Ó gbà mí gbọ́, ó sì kú." Omi ń ṣàn lójú arúgbó náà, kò nù ún. "Irọ́ ni mo pa fún un. Ìwọ kọ́. Èmi ni, Làṣẹ. Èmi, Ọládèjì, èmi ni mo parọ́."